Bí Mótò Bá Ń Gbọ̀n Nígbà Tí A Bá Tẹ Ìjánu

Àwọn baba wa tí ń gun ẹṣin mọ̀ pé ẹṣin tí kò gbọ́ ti ìjánu kò ṣeé gbé ọmọ ẹni lé lẹ́yìn. Jákọ́bù Mímọ́ pẹ̀lú fi ìjánu kékeré tí a fi ń darí ẹṣin ńlá ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé rẹ̀. Lóde òní, mótò ni ó gba ipò ẹṣin, bíréèkì sì ni ìjánu rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin olórí ilé, ẹ̀yin ìyá tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń wakọ̀ jẹun, sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa àìsàn mótò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun kékeré, èyíinì ni ìgbọ̀nrìrì tí ó máa ń dé nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró lọ sí Òmù-Àrán, tàbí tí ó yà sí Èsìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1945, mọ̀ pé ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa mú bíréèkì gbóná. Kòtò ojú ọ̀nà a sì máa lu rímù. Nígbà tí mótò bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn fi ń ṣìṣe. Àwọn kan a wí pé, “Mótò àtijọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń ṣe,” wọn a sì máa kó èrò lọ. Àwọn mìíràn a sáré ra ohun èlò lọ́tùn-ún lósì, owó a tán, mótò kò sì ní dẹ́kun gbígbọ̀n. Bí a kò bá mọ orísun àrùn, báwo ni a ó ṣe mọ egbògi rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a kọ́kọ́ bi mótò náà.

Èkíní ni pé, ìgbà wo ni ó ń gbọ̀n? Bí ó bá ń gbọ̀n lórí eré bíi kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan láìjẹ́ pé a tẹ bíréèkì, ẹ má tíì dá bíréèkì lẹ́bi. Ẹ wo táyà àti rímù. Ó lè jẹ́ pé òjé kékeré tí a fi mú kí ẹsẹ̀ mótò wúwo dọ́gba ti bọ́, tàbí pé ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ inú rímù, tàbí pé kòtò ti tẹ rímù. Bí táyà bá sì lé kókó níbì kan, kí a má ṣe fi rin ìrìn àjò mọ́, nítorí bíbẹ́ ni yóò bẹ́. Láti ìgbà tí Michelin ti pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ọ̀pọ̀ táyà tí a ń rà ni ó ti òkè òkun wá, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ tòkúnbọ̀. Kí a wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí ìlà DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 3517 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2017.

Èkejì ni pé, níbo ni ó ti ń gbọ̀n? Bí a bá tẹ bíréèkì tí sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé ìjókòó ni ó ń mì, ẹ wo ẹ̀yìn. Bí bíréèkì bá ń ta ẹsẹ̀ awakọ̀ padà díẹ̀díẹ̀, a jẹ́ pé díìsìkì tàbí dúrọ́ọ̀mù kò tẹ́jú dọ́gba mọ́. Ṣùgbọ́n nínú mótò tí ó ní ABS, bí a bá tẹ bíréèkì gidigidi lórí ilẹ̀ tí ń yọ̀, yóò ta ẹsẹ̀, yóò sì máa ró. Èyí kì í ṣe àìsàn. Kí awakọ̀ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Díìsìkì kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ní i ní ẹsẹ̀ iwájú. Ó dà bí àwo irin tí páàdì méjì ń fún láti ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá nípọn níbì kan ju ibòmíràn lọ, bí ìyàtọ̀ náà kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan, ẹsẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn a wí pé díìsìkì ti tẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ kò tẹ̀. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó tẹ bíréèkì títí irin fi gbóná janjan, ó dúró, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Páàdì a fi ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú kan. Ìpẹtà lẹ́yìn díìsìkì lè fà á pẹ̀lú, tàbí kálípà tí ó há, tí kò jẹ́ kí páàdì tú sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé, kí ni a ṣe sí mótò náà láìpẹ́? Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí a tú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì dé, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì tí ó dẹ̀ lè mú kí ẹsẹ̀ mótò yọ lórí eré; èyí tí a sì fún ju ìyókù lọ lè ba ojú díìsìkì jẹ́. Kí a máa fún ọ̀kan, kí a sì kọjá sí èyí tí ó kọjú sí i, kí a má ṣe to wọ́n yíká. Lẹ́yìn ìrìn bíi kìlómítà 80, kí a tún wọn yẹ̀ wò.

Nígbà tí a bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó. Kí a wo nọ́ọ̀tì, kí a fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí a wo táyà. Lẹ́yìn ìrìn àjò, kí a na ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ mótò kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá ju ti ìyókù lọ, ó lè jẹ́ pé kálípà rẹ̀ ni ó há. Lẹ́yìn náà kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, kí ó fi òkúta dí àwọn ẹsẹ̀ yòókù, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ mótò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ẹsẹ̀ mótò bá ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, bíárìn tàbí oríkèé kan ti jẹ. Ìgbẹ̀yìn ni kí a wọn díìsìkì. A ti tẹ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá sí ara rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, kí a pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ máa fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kí bíréèkì má ba à nìkan ru ẹrù náà. Ẹ̀yin èrò, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, kì í ṣe àfojúdi láti wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró kí a wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí.” Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí àwọn tí ń retí wa nílé. Kí Olúwa kí ó ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.