Nọ́ńbà 299 Kò Gba Ifá

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan ni pé ìmọ̀ àwọn baba ńlá Yorùbá kò létò. Ilé ìkàwé ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ètò, níbi tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà, ní ọdún 1876, ti pín gbogbo ìwé sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà sì ń tẹ̀ lé e títí dòní. Nínú nọ́ńbà tí ó fún wọn, ẹ̀sìn ni ó ni 200. Ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì gba 220 dé 289, ìyókù ẹ̀sìn ayé há mọ́ 290, Ifá sì wà ní 299.6, bí àlejò tí wọ́n ní kí ó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ifá kì í ṣe ìwé tí a ń wá àyè fún lórí pẹpẹ. Òun gan-an ni pẹpẹ. Ojú odù 16 ni ó ní, tí wọ́n bá sì lú mọ́ ara wọn, tí a ń pe apá ọ̀tún ṣáájú òsì, gbogbo rẹ̀ á di 256, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ tirẹ̀ lórí òògùn, oko, ogun àti ìgbéyàwó. Nínú Ewé, ìwé lórí ewé ìwòsàn Yorùbá tí Pierre Verger ará Faransé gbé jáde ní 1995, odù tí ó ni òògùn wà lára àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ètò ni. Lẹ́kùlẹ́jà ní Ọjà Ọba Adó-Èkìtì kì í da egbò ibà pọ̀ mọ́ ti jẹ̀díjẹ̀dí, bẹ́ẹ̀ ni kò lẹ nọ́ńbà kankan mọ́ igbá. Ètò ni.

Wọ́n á ní odù kò yé ẹni tí kò kọ́ Ifá. Ta ni 299.6 yé tí kò kọ́ ọ? Ranganathan, olùtọ́jú ilé ìkàwé ará Íńdíà, rí àléébù ètò Dewey, ó ṣe tirẹ̀ jáde ní 1933, ọ̀run kò sì ya.

Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ní ìmọ̀ wa kò létò parí iṣẹ́: ìlànà ọdún 2022, tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n wọ́gi lé ní 2025, wọ́n ní òun ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, àfi bí ẹni pé Yorùbá ni gbogbo olùkọ́ Èkìtì ti fi ń kọ́ ìṣirò láti ọjọ́ yìí wá.

Kí àwọn ilé ìkàwé yunifásítì ní Èkìtì pe babaláwo àti olùkọ́ Yorùbá jókòó, kí wọ́n fi orúkọ odù kún àkọsílẹ̀ ìwé ìtàn, òògùn àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń wá odù Ìwòrì Méjì lè rí gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.