Òṣìṣẹ́ Olóṣù Díẹ̀

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ti ṣe kázúà rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Láti ọdún 1964 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi àwọn ilẹ̀ kan sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Kí ènìyàn ṣe àlejò níbẹ̀, kó padà sílé. Àwọn kan wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko, bí àbàtà Great Swamp ní New Jersey, tó wọ inú òfin náà ní 1968.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rán lọ wò ó bóyá ilẹ̀ náà ò tíì bàjẹ́. Wọ́n ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ wọ ibẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, àti ewéko àjèjì tó ń tàn kálẹ̀. Wọ́n ń tú fáìlì àtijọ́, wọ́n ń bi àwọn àgbà ibi iṣẹ́ léèrè. Bí ọdún márùn-ún bá pé, wọn a tún un wò.

Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ́n fún, àjẹmọ́nú ni wọ́n sì ń san, kì í ṣe owó oṣù. (Àwa náà mọ orúkọ yẹn!) Nígbà tí ọdún márùn-ún bá fi pé, ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ti lọ. Awakọ̀ tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ̀ pé ìwé ọkọ̀ kì í sọ gbogbo àìsàn ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n gba díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí síṣẹ́ pátápátá, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún àwọn yòókù.