Kí Ni Ọmọ Olúpọ̀nnà Yóò Tà Lórí Ayélujára?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Olúpọ̀nnà, ní Ìwó, ní Ilé-Ogbó àti ní gbogbo agbègbè Ayédire, ó sì yẹ kí ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìsọ̀ orí ayélujára. Ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù kan lọ́wọ́, tí ó sì ní ìwọ̀nba owó ní báńkì, lè ṣí ìsọ̀ ní òwúrọ̀ òní, kí ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù sì rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò san owó ilẹ̀, kò kan òrùlé, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyálọ́jà. Ohun rere ni, a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn pé, "Kí ni ẹ ó tà?", èsì tí wọ́n ń fọ̀ ni pé, "Ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti ń yá." Èsì yìí ni ó mú wa gbé kálàmù.

Àwọn tí ó ṣáájú wa nínú òwò kò mú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àwọn alájàpá Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Òṣómàáló. Nígbà tí ogun Kírìjì parí tí ọ̀nà sì là, aṣọ ni wọ́n gbé rù. Wọn kò ru iṣu, wọn kò ru epo. Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Aṣọ kì í jẹrà lọ́nà, ó ṣeé ká, ó ṣeé dì, ẹrù orí ẹyọ kan sì lè gba owó púpọ̀. Kò sí abúlé tí wọ́n lè dé tí àwọn ará ibẹ̀ kì í wọṣọ. Wọ́n ń tà á ní àwìn, olùrà a máa san án díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ bá sì pé tí owó kò jáde, ọlọ́jà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá.

Ní òwò ti òde òní, nǹkan ti yí padà pátápátá. Nígbà àwọn Òṣómàáló, ẹni tí ń tà ni ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ń rà. Lónìí, ẹni tí ń rà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tí kò rí rí, tí yóò sì jókòó máa retí ọjà. Bí ọjà bá dé tí kò dára, kò sí ẹnu ọ̀nà kankan tí yóò lóṣòó sí. Fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò máa wò.

Bẹ́ẹ̀ ni kò rí nínú ọjà wa. Ìyàwó ilé tí ó fẹ́ ra gaàrí yóò bù ú sẹ́nu. Ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu yóò fi èékánná ha á wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra epo yóò kán an sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ yóò nà án sí oòrùn. Lórí ayélujára, àwòrán ni a ń rí, àwòrán kì í sì í rùn, kì í kan. Nítorí náà àyẹ̀wò tí ènìyàn méjì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹnì kan ṣoṣo, olówò ni ẹni náà. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí ẹni tí yóò ṣí ìsọ̀ mú ọjà tí òun tìkára rẹ̀ mọ àbùkù rẹ̀, tí ó sì lè rí àbùkù náà kí ọjà tó kúrò nílé. Pé ọjà ń yá kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1886, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni kan wà tí ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Richard Sears ni orúkọ rẹ̀. Ẹrù aago kan dé tí oníṣòwò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí kọ̀ láti gbà. Sears rà á, ó sì tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ibùdó ọkọ̀ mìíràn. Aago kéré, ó níye lórí, kì í jẹrà, ọkọ̀ ojú irin sì ti sọ ọ́ di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wú wa lórí jù ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: ní ọdún 1887 ó wá ẹni tí ó mọ aago tún ṣe, Alvah Roebuck, ó sì gbà á síṣẹ́. Ẹni tí ó mọ inú aago ti wà nídìí ọjà kí ọjà tó di ńlá. Láti ibẹ̀ ni ilé ìtajà Sears, Roebuck ti dìde, tí ó ń fi ìwé àkójọ ọjà tàtà fún àwọn àgbẹ̀ tí kò rí ìsọ̀ rẹ̀ rí.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1994, Jeff Bezos kọ orúkọ nǹkan bí 20 ọjà sílẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú ìwé. Ìwé kan kì í yàtọ̀ sí èkejì tí ó bá jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí ó mọ èyí tí òun ń fẹ́ kò ní kí òun fọwọ́ kàn án kí òun tó rà á. Bẹ́ẹ̀ ni iye ìwé tí ó wà láyé pọ̀ ju ohun tí ìsọ̀ kankan lè gbà lọ. Ní oṣù July 1995 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í tà, gbogbo ayé sì ti mọ ibi tí ó dé.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí kọ́ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni pé kí àwọn náà lọ mú ọjà tí kò yàtọ̀ síra: fóònù, okùn tí a fi ń gbaná sí i, bàtà láti Ṣáínà. Níhìn-ín ni a ti fẹ́ kí wọ́n dúró ná. Ọjà tí kò yàtọ̀ síra, iye owó nìkan ni a fi ń jà lórí rẹ̀, ẹni tí àpò rẹ̀ jìn jù ni yóò sì borí. Láti ọdún 2012 ni Jumia àti Konga ti wọ inú òwò yìí ní Èkó, àwọn oníṣòwò Computer Village ní Ìkẹjà sì sún mọ́ ẹrù náà jù wá lọ. Kí ọmọ wa ra okùn fóònù ní Èkó, kí ó san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Olúpọ̀nnà, kí ó tún san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ olùrà ní Èkó: ta ni ó jèrè bí kò ṣe onímọ́tò? Ó tún ku ibì kan. Bí okùn náà bá jẹ́ ayédèrú, ọmọ wa kò lè mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń dá a mọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò pàtẹ́wọ́ níhìn-ín, wọn yóò ní, "Ẹ kò rí i? Ohun ilẹ̀ wa ni kí wọ́n tà!" Àwa náà fẹ́ràn ohun ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni kò lè gba iṣu lọ́wọ́ jíjẹrà. Ní oṣù June 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣe ayẹyẹ ńlá ní Èkó láti fi iṣu ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ìlù dún, àwọn ènìyàn ńlá sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé èyí tí ó dé Amẹ́ríkà ti jẹrà nínú àpótí. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní dichlorvos pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí òfin wọn ti fi àyè gbà lọ. Àwọn tí ó fi oògùn sí i kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ kí kòkòrò má jẹ ẹ̀wà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlẹ̀kùn tì, ó tì mọ́ àgbẹ̀ tí kò fi oògùn kankan sí tirẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ìlú ni a fi ń ṣòwò ní òkèèrè, ẹnì kan ṣoṣo sì lè bà á jẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa. Epo pupa wà. Epo dára, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń dà, owó ọkọ̀ a sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ká ní èrè orí kẹ́gì oní-lítà 25 kan jẹ́ ₦4,000, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ dé Àbújá sì jẹ́ ₦6,000, yálà olówò ṣòfò tàbí kí olùrà lọ ra tirẹ̀ ní ọjà tí ó sún mọ́ ọn. (Àpẹẹrẹ ni a fi iye yìí ṣe, kí olúkúlùkù lọ béèrè ti ọjọ́ tirẹ̀ ní gáréèjì kí ó tó kọ iye owó sí abẹ́ àwòrán.) Gaàrí náà kò yàtọ̀ sí èyí. Èlùbọ́ sàn díẹ̀, nítorí pé ó gbẹ, ẹni tí ó wà ní òkè òkun a sì máa wá a lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sá a gbẹ dáadáa yóò hu, kò sì sí àwòrán tí ó lè fi èyí hàn.

Bí a bá ní kí a mú ọ̀kan, ọṣẹ dúdú ni a ó mú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni a fi ń sè é. Kòkó àti ọ̀pẹ wà ní oko wa, èèpo kòkó tí a sì ń dà nù ní ìdí igi ni ó ń di owó lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ níye lórí ju owó tí a ó fi gbé e lọ. Kì í tètè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá wẹ̀ ẹ́ tí ó sì bá ara rẹ̀ mu yóò padà wá nígbà tí ó bá tán, nǹkan tí ẹni tí ó ra fóònù kì í ṣe. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá rárá ń rà á. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé àwọn ìyá wa tí ń sè é mọ àbùkù rẹ̀: wọ́n mọ̀ bí omi eérú bá ti le jù tí yóò fi máa ta ènìyàn lára, wọ́n sì mọ èyí tí kò jinná. Ìmọ̀ yìí ni Sears san owó fún lọ́dọ̀ Roebuck. Ní ilẹ̀ wa, ìyá arúgbó kan ni ó ní i, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń lọ ra okùn fóònù ní Èkó!

Ọṣẹ náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ó máa ń fa omi mọ́ra, yóò sì rọ̀ bí a kò bá dì í dáadáa sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ẹni tí yóò tà á gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ NAFDAC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò òǹrajà ti ọdún 2018 sì fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà bí kò bá rí bí a ti júwe rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó kọ "ògidì" sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ yóò jíhìn fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ọṣẹ kò bá wù lè mú aṣọ òfì tàbí àdìrẹ, bí ó bá ní ahunṣọ tàbí aláró tí ó mọ̀ dáadáa ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Òṣogbo, tí òun fúnra rẹ̀ sì lè sọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó lè sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó gbogbo ojú-owó rẹ̀ lé ọjà ní ọjọ́ kan. Kí ó ṣe mẹ́wàá, kí ó fi mẹ́wàá náà ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, kí ó sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ pẹ̀lú, nípa ọkọ̀ kan náà, láti wo bí yóò ti rí nígbà tí ó bá dé. Kí ó kọ ohun tí àwọn tí ó rà á bá sọ sílẹ̀ nínú ìwé, pàápàá jù lọ ẹ̀sùn wọn. Bí ẹ̀sùn kan náà bá wá láti ẹnu ènìyàn mẹ́ta, kí ó tún ọjà ṣe kí ó tó tún àwòrán yà.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, iṣẹ́ kan wà fún yín nínú èyí. Nígbà tí kòkó ń ti agbègbè wa lọ sí Èkó, aṣàyẹ̀wò a máa wo inú àpò kí ó tó fi òǹtẹ̀ lù ú, a sì máa dá èyí tí kò gbẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó gbé e wá. Ọjà orí ayélujára ń kúrò nílùú lónìí láìsí ẹni tí ó tú u wò. A bẹ̀ yín kí ẹ pe Ìyálọ́jà àti àwọn ìyá tí ń se ọṣẹ, kí ẹ bá wọn yan ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìlú mọ̀ sí olóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ Olúpọ̀nnà sí ara ọjà rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n tú u, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì sọ fún un ní gbangba bóyá ó tó láti lọ tàbí kò tó.