Ọyẹ́ dé o, ẹ yẹ súẹ́tà ọmọ wò!

Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Àárọ̀ á tutù nini, oòrùn ọ̀sán á tún máa jó èèyàn. Ìdí nìyẹn tí súẹ́tà oníbọ́tìnnì fi dáa ju èyí tí wọ́n ń ki orí bọ̀ lọ: bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ ṣí i sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ bọ́síkọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má fi ojú nìkan yàn án. Kì í ṣe gbogbo ohun tó rọ̀ ni irun àgùntàn. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kẹ́ ẹ fa òwú kan yọ, kẹ́ ẹ ṣáná sí i níta. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, á sì rún di eérú. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe á yọ́, á wá le bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o! Èyí tó ń yọ́ yẹn, bí iná bá ràn mọ́ ọn, ara ọmọ ló máa lẹ̀ mọ́. Àsìkò ọyẹ́ gan-an sì làwọn ọmọ máa ń yí iná ká. Irun àgùntàn kì í tètè gbiná ní tiẹ̀.

Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó kan ara. Omi tútù ni o, tìtorí omi gbígbóná á sún un kì. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji kó gbẹ. Èyí tó bá ti fún ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e fún àbúrò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.