Òkèèrè Ni Olójú-jínjìn Ti Ń Mẹ́kún Sun

Àwọn àgbà a máa sọ fún ẹni tí ó bá ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la pé òkèèrè ni olójú-jínjìn ti ń mẹ́kún sun, nítorí pé omijé ẹni tí ojú rẹ̀ wọnú kì í tètè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ó bá sì di ilé òkú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ti sìnkú tán kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àkókò ni òwe náà ń ṣọ́, ibẹ̀ sì ni ó ti kan àwọn tí ń ya máàpù àgbègbè tí omi lè ya bò.

Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa, tí ìdọ̀tí ti dí tí ilé sì há mọ́ bèbè rẹ̀, kún àkúnya lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ wákàtí, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí Omíyalé fi di orúkọ tí ará ìlú fi ń rántí rẹ̀. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Kíkó ilé kúrò ní bèbè odò, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú àti ẹjọ́ tí kì í tán bọ̀rọ̀, a máa gba ọdún gbọọrọ, nítorí náà máàpù tí a bá yà lẹ́yìn àkúnya ti pẹ́ jù.

Ọ̀nà tí a fi ń ṣáájú rẹ̀ ni ìwòye láti òkèèrè, ìyẹn yíya àwòrán ilẹ̀ láti ojú sátẹ́láìtì. Rádà ara Sentinel-1, tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní 2014, a máa rán ìgbì sílẹ̀, a sì máa gba èyí tí ó bá ta padà. Ìkúukùu àti òkùnkùn kò dí i lọ́wọ́, omi tí ó tẹ́jú sì máa ń ta ìgbì náà dànù sí ẹ̀gbẹ́, tí ojú omi yóò fi dúdú nínú àwòrán. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, èyí wúlò gan-an, nítorí pé omi a máa wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ó ti rí ní 2022. Ògùnpa kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: láàárín wákàtí díẹ̀ ni ó ń ya tí ó sì ń fà, nígbà tí sátẹ́láìtì Sentinel-1 kan ń gba ọjọ́ 12 kí ó tó padà sí ojú kan náà, ògiri ilé tí ó há sì tún ń da àwòrán rádà rú. Ẹni tí ó bá ń dúró de àwòrán omi níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò rí.

Gíga àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó kù láti gbára lé. Ní oṣù Kejì 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour fi ọjọ́ 11 wọn gíga ilẹ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ayé, kọ̀ǹpútà sì ń ti ibẹ̀ tọpa ibi tí òjò yóò ṣàn gbà, tí yóò sì fi ohun tí àwòrán àwọn sátẹ́láìtì Landsat láti 1972 fi hàn nípa ilé àti ọ̀dà tí ó ti bo àkúrọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà a máa ka òrùlé àti orí igi mọ́ ilẹ̀ (àléébù tí máàpù aláràbarà kì í fi hàn), èyí tí ó fi di dandan pé kí àwọn tí ń yà á rin bèbè odò fúnra wọn, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi 1980 dé lára ògiri, kí wọ́n lè fi dán ààlà tí kọ̀ǹpútà fà wò.