Owó Tí Ẹ San Kò Sọ Orúkọ Di Tiyín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣòwò ń sọ fún ara wọn láti Mile 2 wọ Festac títí dé Amuwo-Odofin ní Èkó bí ẹni pé òfin ni: ẹni tó bá ti sanwó gba franchise, ìyẹn àṣẹ láti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣòwò, tó háyà ṣọ́ọ̀bù, tó ra fíríísà àti jẹnẹrétọ̀, tó sì gbé pátákó orúkọ ńlá kọ́ síta, òun ló ni òwò náà. Bó bá sú u, kó tà á fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Bó bá kú, káwọn ọmọ jogún rẹ̀. Irọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì ń ba ìdílé jẹ́, nítorí ìgbà tí olùrà bá ti san àsansílẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ti sin òkú tán, ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú.

Òwò olórúkọ kì í ṣe àjèjì ládùúgbò yìí. Ní Festac níbí ni ilé oúnjẹ Tantalizers ti bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ṣáájú ìyẹn, ní 1986, ilé-iṣẹ́ UAC ti dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀, ó sì wá jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn fi owó tiwọn ṣí ẹ̀ka lábẹ́ orúkọ náà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irú olówó bẹ́ẹ̀ ń rà. Ààrò, àga, fíríísà, gbogbo ìyẹn jẹ́ tirẹ̀, ó lè tà wọ́n lọ́la. Ṣùgbọ́n orúkọ, àwọ̀ ara pátákó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ àti ìwé ìlànà iṣẹ́, àṣẹ ìlò lásán ni wọ́n fún un lórí wọn: fún iye ọdún kan, ní ojúkò kan, fún òun tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń yọ ìpín fún olórúkọ, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà, nínú ọjà tó ń tà. Ta ló ń san owó ìlò lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀? Òfin àmì-ọjà Nàìjíríà ti 1965 gbà kí olórúkọ gbé orúkọ tó ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Olórúkọ ni o, kì í ṣe ẹni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà àdéhùn tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé látijọ́ tún ní ènìyàn kò lè dá ẹrù àdéhùn rẹ̀ gbé ka ẹlòmíràn lórí láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ṣàdéhùn fọwọ́ sí i. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò CAC tí ẹ fi há ara ògiri kò yí èyí padà.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ẹni tó bá ti ra ilé tàbí ilẹ̀ rí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn kọ́kọ́ gba àṣẹ gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a pé fífi ilé dúró fún owó báǹkì láìgba àṣẹ náà, òfo ni. Bí ẹni tó fi mílíọ̀nù kọ́lé bá ṣì ní láti tọrọ àṣẹ kó tó tà á, kí ló mú wa rò pé orúkọ ẹlòmíràn yóò rọrùn láti tà?

Ti ogún ló dùn mí jù. A lè pín ilé, mọ́tò àti owó báǹkì ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Àṣẹ tí wọ́n fún bàbá nítorí irú ènìyàn tó jẹ́ kò sí lára ohun tí mọ̀lẹ́bí lè jókòó pín. Bí àdéhùn kò bá mẹ́nu ba ajogún, ikú lè fòpin sí i, kí opó àti àwọn ọmọ wá máa sọ pátákó kalẹ̀ nígbà tí gbèsè tí bàbá fi dá òwò náà sílẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ni àwọn laagun, àwọn ni àwọn jẹ́ kí gbogbo First Avenue mọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, òógùn náà sì lówó lórí. Àmọ́ ẹ bi olùrà léèrè bóyá yóò san iye kan náà bí wọ́n bá sọ pátákó náà kalẹ̀ kó tó wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi iye tó jẹ́ ti olórúkọ hàn. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹni tí ẹ tà á fún bá ń ta oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ní Mile 2, oníbàárà tó rí i ní Mile 2 kò ní wọ ẹ̀ka Agboju mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní ẹ̀ka Agboju náà sanwó bíi tiyín. Àṣẹ tí à ń gbà lọ́wọ́ olórúkọ ká tó tà, tí à ń ráhùn sí yìí, ló ń dáàbò bo òun.

Àwọn mìíràn gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀: kí wọ́n fi ilé-iṣẹ́ gba franchise náà, nítorí CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, kí wọ́n wá ta ṣíà rẹ̀, torí orúkọ tó wà nínú àdéhùn kò yí padà. Ẹ ka àdéhùn yín dáadáa. Àwọn lọ́yà olórúkọ ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ pé bí ilé-iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, títà ni.

Àtakò kan ṣoṣo ló lágbára lójú mi: pé olórúkọ lè fi àṣẹ yìí jẹ ènìyàn níyà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà kò sì ní òfin tó dá dúró fún franchise. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òwò, pàṣẹ pé kí olórúkọ fún ẹni tó ń bọ̀ ní ìwé àlàyé, ó kéré tán ọjọ́ 14 kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ìsọ̀rí 17 nínú 23 tó wà nínú ìwé náà sọ bí a ṣe ń gbé òwò náà fún ẹlòmíràn. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ààbò oníbàárà ti 2008 fún ẹni tó gba franchise ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti yí ọkàn padà. Níbí, ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí ni òfin yín. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó àkọ́kọ́ ni kí ẹ jà: kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò ní kọ olùrà tó yẹ láìsí ìdí gidi, iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì, iye tí wọn yóò gbà lórí títà, àti oṣù mélòó tí ajogún lè fi máa bá òwò lọ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí olórúkọ bá jẹ́ ti òkè òkun, àdéhùn tuntun pẹ̀lú olùrà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ NOTAP, àjọ ìjọba tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ti fọwọ́ síwèé láìbéèrè ìkankan nínú wọn ṣì lè kọ lẹ́tà sí olórúkọ nísinsìnyí, nígbà tí kò tíì sí olùrà, kí wọ́n fi àfikún kún àdéhùn. Bí olùrà bá sì ti wà, kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí èsì olórúkọ àti ti láńlọ́ọ̀dù tó háyà ṣọ́ọ̀bù náà fún un tó dé ní kíkọ sílẹ̀.