Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Ń Ṣe Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kú

Awakọ̀ ti yí kọ́kọ́rọ́ padà, ó ti yọ ọ́, ó ti fi í sápò, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ṣì ń wúkọ́, ó ń mì tìtì. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní: "Ọkọ̀ àtijọ́ ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Èmi ò gbà. Ogbó kì í ṣe àìsàn. Ohun kan ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á, ohun náà sì ṣeé wá rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ní kabúrétọ̀, iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì ni kọ́kọ́rọ́ sábà máa ń gé, kì í ṣe epo. Níwọ̀n ìgbà tí písítìnì bá ṣì ń lọ sókè sódò, á ṣì máa fa epo àti atẹ́gùn wọlé. Tí ohun kan bá wá gbóná nínú sìlíńdà débi tó lè ran epo yẹn láìsí púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Ohun náà sábà máa ń jẹ́ èédú tó ti lẹ̀ mọ́ orí písítìnì, tó pọ́n bí ẹyin iná, tàbí ẹnu púlọ́ọ̀gì tó gbóná jù. Dieseling lòyìnbó ń pè é, torí pé ẹ́ńjìnnì dísù ló máa ń fi ooru nìkan ran epo.

Ẹ̀rí mi pé ọjọ́ orí kọ́ rèé. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ṣe òfin Clean Air Act ti ọdún 1970, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní láti dín èéfín olóró kù. Wọ́n dín epo tó ń pò mọ́ atẹ́gùn kù, wọ́n jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tan, wọ́n sì gbé síló sókè. Ooru wá pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti kú nìyẹn! Wọ́n wá fi nǹkan kékeré kan tó ń lo iná, solenoid, sára kabúrétọ̀: tẹ́ ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ padà, á dí ihò epo, tàbí kó jẹ́ kí ọ̀nà atẹ́gùn padé pátápátá.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ra pátì kankan, ẹ kọ́kọ́ fetí sí i.

Tó bá ń wúkọ́, tó ń gbọ̀n, tó ń kan gbàgà-gbàgà, ooru ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò wọ́n. Tí síló bá ga ju iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà lọ, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n wo tàímìǹgì. Ẹ wo rédíétọ̀ àti fáànù, kẹ́ ẹ sì rí i pé púlọ́ọ̀gì tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu ni wọ́n fi síbẹ̀. Tí solenoid bá wà lára kabúrétọ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà: ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ "kà." Ìgbà tí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ tó máa ronú àtitú ẹ́ńjìnnì láti ha èédú.

Tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, bíi pé ẹ ò pa á rárá, iná ṣì ń dé púlọ́ọ̀gì nìyẹn. Rewáyà lẹ máa pè, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ó lè jẹ́ pé suwíìṣì kọ́kọ́rọ́ ti jẹ. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, iná lè gba wáyà gílóòbù ìkìlọ̀ bátìrì padà wá láti ara alternator. Dáyóòdù kékeré kan, tí iná kì í gbà kọjá ju ọ̀nà kan lọ, lè yanjú ìyẹn. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ó lè ba àwọn nǹkan tó ń lo iná nínú ọkọ̀ jẹ́.

Ti dísù yàtọ̀, torí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Nínú ọ̀pọ̀ lọ́rì àtijọ́, wáyà tí awakọ̀ ń fà ló ń gé epo ní pọ́ǹpù. Tó bá ti dẹ̀, epo á ṣì máa kọjá. Àmọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń ga sí i fúnra ẹ̀, tí èéfín sì ń tú bo àdúgbò, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ó ṣeé ṣe kí tọ́bò ti máa da ọ́ìlì sí ọ̀nà atẹ́gùn, kí ẹ́ńjìnnì sì máa jẹ ọ́ìlì ara ẹ̀. Gígé dísù ò ní ràn án. Atẹ́gùn ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀: pátákó tó le ni wọ́n fi ń dí ẹnu ibẹ̀, kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe àkísà tó lè fà wọlé. Tí kò bá ṣeé sún mọ́, ẹ sá. Irin lè fọ́ jáde.

Àwọn kan á ní, ṣebí táwọn bá fi sí jíà, táwọn tú kilọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó máa ń kú. Lóòótọ́, ó ń kú. Tí kò bá sọ́nà míì lọ́jọ́ kan, ẹ tẹ bíréékì dáadáa kẹ́ ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di àṣà, ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá nìyẹn. Ooru yẹn ò kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé ẹrù gun òkè, ó lè máa ran epo kí púlọ́ọ̀gì tó tan, ìyẹn sì lè dá ihò sí písítìnì lára. Síló tí wọn ì bá fi sukudiráfà yí díẹ̀ á wá di owó ẹ́ńjìnnì odindi.

Tí mẹkáníìkì bá tún sọ pé ogbó ni, ẹ rọra bi í pé: "Ọ̀gá, kí ni ẹ́ńjìnnì yìí ṣì ń jẹ?" Ẹni tó bá lè dáhùn ni kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ náà fún.